Bàbá Oníwọ̀n àti Ojúde Tí Wọ́n Fi Páànù Ká Mọ́

Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn tí a sin bàbá àgbà mi ni wọ́n fi páànù ká ojúde agboolé wa mọ́, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wa.

Ọjọ́ mẹ́fà péré. Ọjọ́ kẹjọ ni fìdáù, àdúrà tí àwa Mùsùlùmí ìhín máa ń ṣe fún òkú wa, ojúde yẹn gan-an la sì ti fẹ́ tẹ́ ẹní. Nígbà tí ọjọ́ kẹjọ pé, etí títì ni àwọn ààfáà jókòó sí. Kẹ̀kẹ́ ń kọjá lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, Lẹ́mọ́mù sì ń gbé ohùn sókè kí àdúrà lè borí ariwo jẹnẹrétọ̀. Lára páànù yẹn, wọ́n kọ ọ́ pé ilé ìtajà alájà mẹ́fà ń bọ̀ níbẹ̀. Wọ́n tún kọ ọ́ pé àlejò kò gbọdọ̀ wọlé. Àwa tí a bí síbẹ̀ la wá di àlejò.

Ètò ìlú ni mo kà ní yunifásítì. Mo mọ orúkọ gbogbo àìtọ́ tó wà nínú ohun tí wọ́n ṣe yìí, n ó sì dárúkọ wọn kí n tó gbé gègé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jókòó láti kọ ìwé ìbínú ṣánṣán, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni ẹ̀rín sì mú mi lójú ìwé àkọ́kọ́. Ẹ̀bi bàbá àgbà mi ni. Ẹni tó bá mọ Súnmọ́nù Oníwọ̀n kò lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ kó má rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí wọ́n fi páànù ká iṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ìdí-Àgbọn là ń pe agboolé wa, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ojúlé méje ló yí ojúde kan ká. Nínú ojúde náà ni kànga wà, àti igi fúrúùtù kan tí òjìji rẹ̀ gba àwọn ọmọ ilé kéwú pẹ̀lú wàláà wọn. Ewúro ń hù nínú àwọn bàsíà tó ti lu. Adìẹ ń rìn bí ẹni tó ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́. Bí o bá dùbúlẹ̀ lórí ẹní lábẹ́ fúrúùtù yẹn tí o sì wo òkè, ewé ni o máa kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn ewé ni àwọn ilé gíga Marina, tí gíláàsì wọn ń kọ mọ̀nà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní yunifásítì máa ń sọ pé abúlé ni ilé wa. Mo lọ sọ fún Bàbá, mo rò pé yóò bínú. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì.

"Òótọ́ ni wọ́n sọ," ó ní. "Abúlé ni wá. Báńkì ló rìn wá bá wa, kò sí ẹni tó ránṣẹ́ pè é."

Bàbá kì í ṣe sọ́féyọ̀ o. Àwọn tí kò mọ̀ máa ń pè é bẹ́ẹ̀, á sì tún wọn sọ lójú ẹsẹ̀. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, òun ló ń bá àwọn sọ́féyọ̀ ìjọba fa ṣéènì, irin gígùn tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ láyé ìgbà náà. Ó fà á nínú igbó, ó fà á nínú ẹrọ̀fọ̀, láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Àgbádárìgì. Ejò lé e, oyin ta á, àwọn ará abúlé kan sì gba ṣéènì náà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi so ewúrẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló máa ń sọ bí ẹni ń sọ ìtàn ìgbéyàwó rẹ̀.

Ọ̀kan ṣoṣo nínú ìtàn wọ̀nyẹn ni kì í rẹ́rìn-ín sí. Abúlé kan wà lẹ́bàá ọ̀sà tí wọ́n lọ wọ̀n nígbà tó ṣì kéré. Wọ́n fi ẹja tọ́jú wọn níbẹ̀, lábẹ́ igi ńlá kan tó wà láàárín ìlú. Nígbà tó padà débẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ilé ti pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ọ̀nà ọ̀dà ti dé, iná ti dé. Ó wá igi náà títí, kò rí i. Ó béèrè ibi tí wọ́n ti ń yanjú ìjà, wọ́n ní ilé ẹjọ́ ni. Ó béèrè ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, ẹni tó bi rò pé ó ń wá ilẹ̀ rà ni. Ó jókòó sínú ọkọ̀ padà sí Èkó láìjẹun.

"Ẹnikẹ́ni ò lé wọn kúrò," ó máa ń sọ. "Fúnra wọn ni wọ́n ń kọ́lé, wọ́n ń kọ́lé, títí wọn ò fi ní ilé mọ́."

Wíwọ̀n ti wọ̀ ọ́ lára. Kò sí ohun tí ojú rẹ̀ rí tí kì í wọ̀n. Ó mọ iye ìgbésẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wa dé mọ́ṣáláṣí, ó mọ iye rẹ̀ dé Tinúbú, ó sì mọ bí iye náà ṣe ń pọ̀ sí i bí ó ti ń dàgbà. Ó máa ń sọ pé ìjọba ló ń fa Tinúbú sẹ́yìn. Nígbà tí ọkọ mi kọ́kọ́ wá kí ẹbí wa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, bí ọmọ tó gba ẹ̀kọ́. Ìyá mi ń retí kí Bàbá gbàdúrà fún un. Bàbá tẹjú mọ́ ọn láti orí dé ẹsẹ̀, kò kánjú, ọkọ mi sì ń làágùn lórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ó dín díẹ̀," ó ní nígbẹ̀yìn. "Yóò gba ẹnu ọ̀nà wa. Dìde, ọmọ mi."

Ó tún ní àgbò. Ọ̀kan kì í wọ́n ní ojúde láti ọdún dé ọdún, ó sì máa ń fún gbogbo wọn lórúkọ. Èyí tí mo rántí jù lọ ni Káńsílọ̀. Bàbá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ojúlé méjèèje ló ti ń jẹun, kì í sì í yẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lọ́nà. Lọ́jọ́ kan, káńsílọ̀ gidi wá kí wa nítorí ìbò tó ń bọ̀. Bí ó ti ń bọ́ sí ojúde, ìyá kan figbe ta láti ojú fèrèsé pé kí wọ́n bá òun na Káńsílọ̀ kúrò nídìí aṣọ òun. Àwọn tó tẹ̀lé ọkùnrin náà dúró sójú kan. Bàbá gbé àga fún un, ó fi àgbò hàn án, ó sì ṣàlàyé orúkọ náà fún un láìfi ọ̀rọ̀ kan pamọ́. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi sunkún. Ó béèrè bóyá inú Bàbá dùn sí àgbò náà.

"Ó sàn," ni Bàbá wí. "Èyí tiẹ̀ ń sùn sílé."

Ẹ má rò pé ọkùnrin tí kò fẹ́ ìdàgbàsókè ni mo ń ròyìn. Ẹ̀sùn tí àwọn kan fi kàn án nìyẹn, irọ́ ni, ẹ̀rí mi sì ga fíofío, ó ń wo Marina lójú. Nígbà tí Bùròdá Bùràímọ̀, ọmọ àbúrò rẹ̀, ní ọmọ kẹrin nínú yàrá kan, Bàbá ló pe ẹbí jọ pé kí wọ́n wó ilé alámọ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀, kí wọ́n kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta. Àwọn àgbà kan ń sunkún ògiri. Ó ní kí wọ́n sunkún tán kí àwọn bíríkìlà tó dé. Ohun kan ṣoṣo ló bá Bùròdá Bùràímọ̀ dúró lé lórí: ìpìlẹ̀ tuntun kò gbọdọ̀ fi ìka kan kọjá ti àtijọ́. Ó fi okùn àti èèkàn sàmì sí i, ó sì jókòó ti bíríkìlà láti àárọ̀ títí wọ́n fi da kọnkéré tán. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́lé ní Ìdí-Àgbọn ló gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí èmi náà ti kọ sínú ìwé ìdánwò yunifásítì, tí olùkọ́ mi sì fi pẹ́ńsùlù pupa fàlà sí nídìí, tó bi mí pé ta ló sọ ọ́.

"Ẹ lọ sókè. Ẹ má fẹ̀."

Ọdún kejì mi ní yunifásítì ni mo gbé máàpù Ìsàlẹ̀ Èkó wálé fún un. Inú mi ń dùn, mo rò pé n ó kọ́ ọ ní nǹkan. Mo tẹ́ ẹ sórí ẹní, mo ṣàlàyé àwọ̀ kọ̀ọ̀kan: èyí fún ibùgbé, èyí fún òwò, èyí fún ilé ìjọba. Ó wọ awò ojú rẹ̀. Ó bi mí pé àwọ̀ wo ni wọ́n kun ibi tí a ti ń wẹ òkú. Mo ní kò sí lórí rẹ̀. Ó bi mí ibi tí àwọn ọmọ kéwú wà. Kò sí. Ibi tí a ti ń so àgbò ọdún Iléyá, ibi tí a ti ń sọmọ lórúkọ, ibi tí a ti ń sá aṣọ, ibi tí Àlájà Múlíkà, aládùúgbò wa, ti ń bú òun. Mo wá ojúde wa lórí máàpù náà, mo sì rí i. Wọn ò kùn ún rárá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilẹ̀ òfìfo.

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó tún wò ó.

"Ràmọ́tà," ó pè mí jẹ́jẹ́, "ilẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ mẹ́wàá lóòjọ́ ni ẹ̀yin alákọ̀wé ń pè ní òfìfo."

Mo ti gba oyè méjì lẹ́yìn ọjọ́ náà. Kò sí olùkọ́ tó kọ́ mi ní ohun tó ju gbólóhùn yẹn lọ.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ Àlájà Múlíkà, torí ẹni bá sọ̀rọ̀ Bàbá tí kò dárúkọ rẹ̀, ìdajì ló sọ. Ojúlé kejì sí tiwa ló wà. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, kò sì sí èyí tó gbà pé òun ni àbúrò. Bàbá ní Ọjọ́ Ajé ni wọ́n bí òun, Ìṣẹ́gun sì ni tirẹ̀. Àlájà ní ta ló wọn ọjọ́ náà fún un. Nítorí bẹ́ẹ̀, kò sí "ẹ" láàárín wọn, "ìwọ" ni. Bí wọ́n bá ń jà, ẹnì kẹta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀: "Ẹ bá mi sọ fún ọmọkùnrin yẹn," "Ẹ bá mi kí ọmọdébìnrin tó wà lókè." Ààwẹ̀ a dé, wọn ò tíì parí ìjà, síbẹ̀ abọ́ ògì tó gbóná a máa ti ọ̀dọ̀ Àlájà wá nígbà ìṣínu lójoojúmọ́. Bàbá a mu ún tán, á sì dá abọ́ padà pẹ̀lú iṣẹ́ pé ṣúgà rẹ̀ kò tó.

Ìjà wọn tó gùn jù lọ, ṣọ́ọ̀bù ló dá a sílẹ̀. Àlájà ń ta aṣọ. Òwò náà gbòòrò, ó sì fa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ síta díẹ̀, ó tún fà á síta díẹ̀ sí i, títí ògiri rẹ̀ fi dé kọ̀rọ̀ tí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ti yí wọ ojúde. Bàbá sọ̀rọ̀, kò gbọ́. Ó ní gbogbo Èkó ló ń fẹ̀, kí ló dé tó jẹ́ òun nìkan ni wọ́n ń bi. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n wá. Àwọn mìíràn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà: ẹni kan kọ́ àtẹ̀gùn sójú ọ̀nà, ẹni kan gbé táǹkì omi sí i. Ó ku díẹ̀ kí Ìdí-Àgbọn dà bí abúlé etí ọ̀sà yẹn.

Nígbà náà ni bàbá arúgbó kan kú ní ojúlé ẹ̀yìn. Pósí mọ́ṣáláṣí wa kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sin mọ́ òkú. Igi ni, ó ní ọwọ́ mẹ́rin. A ó fi gbé òkú lọ sí itẹ́, a ó gbé òkú sí sàréè, pósí á sì padà sí mọ́ṣáláṣí láti dúró de ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n gbé arúgbó náà dé kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù Àlájà, pósí kò yí. Wọ́n fi ìhà kan gbé e kọjá, bí ẹni gbé àga wọ yàrá, aṣọ tí wọ́n fi bò ó sì yọ̀. Ẹnu kò ya ẹnikẹ́ni, torí ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Bàbá nìkan ló dúró sí kọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn tí èrò ti lọ, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ògiri.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ bá Lẹ́mọ́mù, mo sì bá a lọ. Ó ní òun fẹ́ yá pósí. Lẹ́mọ́mù béèrè ẹni tó kú. Ó ní kò sí ẹni tó kú, ọ̀nà lòun fẹ́ wọ̀n. Ṣéènì lè parọ́, ó ní, torí ẹni tó dì í mú lè tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n pósí kì í tẹ̀. Ibi tí pósí kò bá ti gbà, kò gbà náà nìyẹn. Lẹ́mọ́mù ń fi tẹ̀sùbáà gbá orúnkún. Ó ní òun kò tíì rí i kí pósí jáde lófìfo, ẹ̀rù àwọn ènìyàn ń ba òun.

"Lẹ́mọ́mù," ni Bàbá wí, "ṣebí lófìfo náà ló ń padà bọ̀."

Sátidé ni a gbé e jáde. Bùròdá Bùràímọ̀ àti àwọn mẹ́ta mìíràn ló gbé e. Bàbá wà níwájú, ó fi ṣọ́ọ̀kì há etí, ó fi okùn kọ́ èjìká. Èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú ìwé tí mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Ó ti sọ fún Lẹ́mọ́mù, ó ti sọ fún àwọn tó gbé pósí, ó ti sọ fún àwọn olórí ojúlé tó jẹ́ ọkùnrin. Kò rántí láti sọ fún àwọn obìnrin. Àṣìṣe ńlá ni, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé náà pẹ̀lú àwọn àṣìṣe yòókù.

Ní ọ̀nà àkọ́kọ́, ìyá kan tó ń fọṣọ rí wa, ó ju aṣọ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ Ínná lílláhì. Kí a tó ṣàlàyé fún un, ẹlòmíràn ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹkún sáré ṣáájú wa. A dé ọ̀nà kejì, wọ́n ti ń sunkún níbẹ̀, wọn ò tíì mọ ẹni tí wọ́n ń sun. Ní ọ̀nà kẹta, òkú ti ní orúkọ. Bàbá ti ń wúkọ́ láti bí ọjọ́ mélòó kan, torí náà òun ni ìròyìn mú. Òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́, torí ó dùbúlẹ̀ lórí ikùn rẹ̀ tó ń wọn abẹ́ àtẹ̀gùn ẹnì kan.

Bí a ti yí kọ̀rọ̀ ọ̀nà kẹta ni a bá Àlájà Múlíkà pàdé. Ó ti sáré sọ̀ kalẹ̀ láti òkè láìwé gèlè, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ọwọ́ lórí. Ohun tó ń sọ lẹ́kún rẹ̀ kò jọ ohun tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀: "Súnmọ́nù, o lọ? Ta ni kí n wá máa bá jà?"

Súnmọ́nù yọ lẹ́yìn àtẹ̀gùn, eruku láyà, ṣọ́ọ̀kì létí.

Àlájà wo Súnmọ́nù. Ó wo pósí. Àwọn tó gbé pósí ń wolẹ̀, èjìká wọn ń gbọ̀n. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí Bàbá bẹ̀bẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀.

"Múlíkà," ó ní, "n kò mọ̀ pé o fẹ́ràn mi tó báyìí."

Bàtà kan tó kù lẹ́sẹ̀ Àlájà, èjìká Bàbá ló bà sí. Ẹkún tó wà ní gbogbo ọ̀nà di ẹ̀rín, àwọn obìnrin sì tẹ̀ lé wa láti ibẹ̀, kí wọ́n lè rí ibi tí yóò já sí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé gbogbo Ìdí-Àgbọn ló wà níbẹ̀ nígbà tí pósí dé ṣọ́ọ̀bù Àlájà. Ó dúró. Wọ́n tì í, kò lọ. Bàbá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ògiri, mo kọ ọ́ sílẹ̀: ó ku ìbú ọwọ́ kan àti ìka mẹ́ta. Àlájà ti rí gèlè wé nígbà náà. Ó ní kí wọ́n fi ìhà kan gbé e díẹ̀, yóò kọjá, bẹ́ẹ̀ náà la ti ń ṣe é.

"Òótọ́ ni," ni Bàbá dáhùn. "Ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

Àlájà fẹ́ fèsì. Lẹ́yìn náà ó tún wo pósí, ó wo àlàfo tó kù, ó sì wo ara rẹ̀. Kì í ṣe obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́. Ó gòkè lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi bá Bàbá sọ̀rọ̀, kódà nípasẹ̀ ẹnì kẹta. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ariwo òòlù ló jí wa. Bíríkìlà ló wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, ó ń wó ògiri dé ojú àmì ṣọ́ọ̀kì, Àlájà sì dúró tì í, ọwọ́ ní ìbàdí. Àwọn oníbàárà béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Èmi ò ní fi ìhà kan jáde nílé ara mi," ló dá wọn lóhùn.

Nígbà tí Àlájà wó tirẹ̀, ta ló kù tó lè ní òun ò wó? Táǹkì kúrò, àtẹ̀gùn yí ojú. Kó tó di ọdún Iléyá, pósí ti rìn yí agboolé po láìkan ògiri.

Ìgbà náà ni Bàbá ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó tutù. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí tó ti kọjá la ya máàpù wa sí. Olórí ojúlé méje jókòó yí i ká lábẹ́ fúrúùtù, Àlájà náà jókòó, torí òun ni olórí tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a fi jiyàn lé e. Níkẹyìn, a kun ojúde àti kànga ní àwọ̀ ewé: a kò gbọdọ̀ kọ́ nǹkan kan síbẹ̀ láéláé. A kun ipa pósí ní pupa: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi nǹkan dí i. A kun àwọn ilé ní yẹ́lò: kí wọ́n lọ sókè. Àwọn tó mọ̀wé fọwọ́ sí i, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n tẹ ìka. Mo tẹ àdéhùn náà ní ẹ̀dà méjì, èmi àti Bàbá sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ètò ilé kíkọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbà á lọ́wọ́ wa kà á dáadáa, ó sì lu òǹtẹ̀ mọ́ méjèèjì, ọ̀kan fún wọn, ọ̀kan fún wa. Ó fi ọ̀wọ̀ sọ fún Bàbá pé kí wọ́n má bínú, ìwé náà kì í ṣe òfin o.

"Mo mọ̀, ọmọ mi," ni Bàbá wí. "Àdéhùn ni. Òfin lẹ̀yin máa ń yí padà."

Láti ọjọ́ náà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́rin ló dìde ní Ìdí-Àgbọn. Ìdílé tuntun wọlé, yàrá pọ̀ sí i, Àlájà gan-an kọ́ ilé aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì ń tajà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ojúde wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó fi ìka kan kàn án. Mo ti kọ àpilẹ̀kọ oyè lórí ètò ìlú tí àwọn ará ìlú fúnra wọn ṣe, mo ti lọ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn tó wọ kóòtù. Èyí tó ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni èyí tó wà lẹ́yìn kàlẹ́ńdà.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Bàbá lọ, lẹ́yìn ìrun, ó jókòó sórí àga rẹ̀ bí ẹni tó ń tògbé. Kò ṣàìsàn. Wọ́n gbé e gba ọ̀nà pupa, ọkùnrin méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, pósí dúró gbọọrọ láti yàrá rẹ̀ dé ojúde. Níbẹ̀ ni a ti kírun sí i lára, èrò kún ojúde dé ìdí kànga. Àlájà Múlíkà dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó wò ó títí wọ́n fi yí kọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ sì ń tàn bí ẹni tí nǹkan dùn mọ́ nínú ẹkún.

"Ẹ wò ó," ó ní. "Kò kan ibì kankan."

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà ni páànù dé.

Ó wá kàn yín báyìí, ẹ̀yin ará ọ́fíìsì ètò ilé kíkọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀. Mo ti lọ sí ọ́fíìsì yín lẹ́ẹ̀mẹrin. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ní ọ̀gá kò sí. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ní ilẹ̀ òfìfo ni, ẹ sì fi máàpù hàn mí. Lọ́jọ́ kẹta, mo mú àdéhùn wa jáde pẹ̀lú òǹtẹ̀ yín lára rẹ̀, ẹ ní ẹ ò rí ẹ̀dà kejì rẹ̀ nínú fáìlì. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ ní aṣojú ẹbí ti fọwọ́ sí i. Mo béèrè orúkọ aṣojú náà, ẹ ní kí n kọ̀wé. Mo ti kọ̀wé. Èyí ni.

Olórí ojúlé méje ló wà ní Ìdí-Àgbọn. Mo ti jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, títí kan ẹni tó gba ipò Bàbá, kò sí èyí tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Ta wá ni aṣojú tí ẹ rí? Kí ẹ tó fọwọ́ sí ilé alájà mẹ́fà, ó yẹ kí ẹ lẹ ìkéde mọ́ ibẹ̀ kí àwọn tó ń gbé àyíká lè sọ tẹnu wọn. Ògiri wo lẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, lọ́jọ́ wo, ta ló sì rí i? Ta ló yọ àdéhùn wa kúrò nínú fáìlì, àbí fáìlì ló gbé e mì? Ẹni tó yẹ ilẹ̀ náà wò kó tó fọwọ́ sí i, ṣé ó bá kànga níbẹ̀? Ṣé ó bá àwọn ọmọ kéwú níbẹ̀? Kí ló kọ sílẹ̀ pé òun rí? Àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ ilé ìtajà náà, tí orúkọ yín hàn gàdàgbà lára páànù: ọjọ́ wo lẹ ti ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, tí ẹ fi ń dúró? Kí lẹ ń dúró dè títí a fi sin Bàbá?

Àdúrà ogójì ọjọ́ ku ọjọ́ mọ́kànlá. Àlájà Múlíkà ti ní kí wọ́n bá òun gbé àga òun sí ẹnu páànù láti àná, ibẹ̀ ló sì ti ń tajà. Ó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni jà, ìdáhùn lòun ń dúró dè. Ojú ilẹ̀ wa ni a ó ti ṣe àdúrà náà. Kí ọjọ́ náà tó pé, a fẹ́ orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i, a fẹ́ ìwé tó fọwọ́ sí, a sì fẹ́ kí ẹni náà wá sí Ìdí-Àgbọn fúnra rẹ̀ láti ṣàlàyé lójú wa. Ta ni?